Ìtọ̀ ṣúgà mú ológbò Màmá Tíṣà

Omi ni Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà l'Òkìtìpupa kọ́kọ́ fura sí. Ológbò wọn, tó ti pé ọdún 11, ń mu omi bí ẹni tó la iyọ̀. Ó ń tọ̀ káàkiri, ó ń jẹun dáadáa, síbẹ̀ ó ń rù. Màmá mọ àmì yẹn, ìtọ̀ ṣúgà ń bá àwọn náà fínra. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n fa insulin tiwọn sí i lára.

Dókítà ẹranko ló pariwo: "Ẹ má dán an wò o, Mà! Àìsàn kan náà ni, ìwọ̀n oògùn ò dọ́gba. Tiyín lè pa á." Ó wọn tiẹ̀ fún un, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, wákàtí 12 síra wọn, lẹ́yìn oúnjẹ. Ó ní kò gbọdọ̀ jẹ púpurù mọ́, ẹja àti ẹran ni kí wọ́n máa fún un. Bó bá ń gbọ̀n tí kò lè dúró, ṣúgà ti já wálẹ̀ jù nìyẹn. Kí wọ́n fi oyin pa á ní erìgì, kí wọ́n gbé e wá kíá.

Làwọn aládùúgbò bá ń rẹ́rìn-ín: abẹ́rẹ́ fún ológbò kẹ̀? Wọn ò mọ̀ pé ara ajá ni wọ́n ti dán insulin wò ní Toronto lọ́dún 1921, kó tó kan èèyàn lọ́dún 1922.

Ológbò mìíràn wà tí wọ́n bá tètè tọ́jú ẹ̀, tí kò ní í gba abẹ́rẹ́ mọ́. Màmá ò tí ì mọ̀ bóyá tiwọn máa rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí aago méje bá ti lù láràárọ̀, abẹ́rẹ́ méjì ló ń wà lórí tábìlì, ìgò ọ̀tọ̀, ìwọ̀n ọ̀tọ̀. Ti ológbò ni wọ́n ń kọ́kọ́ gún.