Ìṣáwùrú Tí Kò Ní Odò Méjì

Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n mo dé ibì kan ní Amẹ́ríkà tí ìṣáwùrú ibẹ̀ ní ilé kejì tí kò lè gbé rìn. Odò rẹ̀ ni ilé náà.

Ní ìpínlẹ̀ Missouri ni, ní àgbègbè Taney, láàárín àwọn òkè Ozark. Ihò àpáta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tumbling Creek Cave, odò kékeré kan sì ń ṣàn nínú rẹ̀. Èmi àti àwọn mélòó kan tẹ̀ lé amọ̀nà wọlé, olúkúlùkù pẹ̀lú iná lọ́wọ́. Nígbà tí a pa iná, n kò rí ọwọ́ ara mi mọ́.

Abẹ́ òkúta inú odò yìí ni ìṣáwùrú náà ń gbé. Ara rẹ̀ funfun, kò ní ojú, kò sì tóbi ju orí ìṣáná lọ. Ọ̀gbẹ́ni Leslie Hubricht ló sọ ọ́ ní Antrobia culveri ní ọdún 1971. Odò yìí nìkan ni a mọ̀ ọ́n mọ́.

Àwọn àdán ló ń bọ́ ilé náà. Ní alẹ́, wọn a jáde lọ jẹ kòkòrò. Bí wọ́n bá padà, ìgbẹ́ wọn a máa bọ́ sílẹ̀. Èyí a sọ omi di ọlọ́ràá, ìṣáwùrú a sì máa jẹ ohun yíyọ̀ tó hù sára òkúta.

Ní nǹkan bí ọdún 1974, wọ́n ṣírò pé wọ́n lé ní 15,000. Nígbà tó fi di 2001, wọ́n wá wọn títí, díẹ̀ ni wọ́n rí. Ní 2002, ìjọba Amẹ́ríkà kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parun. Ẹrẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fura sí jù: màlúù jẹ koríko òkè tán, òjò sì gbá erùpẹ̀ wọ inú ihò, ó dí abẹ́ òkúta. Nítorí náà ni wọ́n fi ń gbin igi sórí ilẹ̀ náà.

Ẹnì kan lè bi mí pé, kí ni èrè ìṣáwùrú tí kò ṣeé sè lọ́bẹ̀? Èsì mi kò gùn. Láti orísun ni omi ti ń tòrò. Ilẹ̀ tó ń ṣí lọ mọ́ ìṣáwùrú lára, ilẹ̀ oko ẹnì kan ni.