Ipa Kékeré, Òṣèré Ńlá

 

Iṣẹ́ òṣèré ni mo fẹ́ ṣe tí mo bá dàgbà. Nílé wa ní New Cross, Dádì mi máa ń ní, "Dókítà ńkọ́? Lọ́yà ńkọ́? Ṣé eré lo máa jẹ?" Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn Orlando Martins fún yín.

Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1899. Àgùdà ni bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ó wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìbéèrè Dádì mi tọ́ o, torí Orlando ò tètè rí eré jẹ. Ó ja ìjàkadì gba owó, ó sì fi ejò dárà fún èrò ìwòran. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní 1936, òun àti Paul Robeson jọ ṣeré ní Westminster Theatre, nínú eré nípa Toussaint Louverture, aṣáájú àwọn ẹrú tó jà fún òmìnira ní Haiti.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni fíìmù The Hasty Heart, ti 1949. Sójà ilẹ̀ Áfíríkà kan tó ń jẹ́ Blossom ni Orlando ṣe, ní ọsibítù, láàárín àwọn òyìnbó. Blossom ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fún sójà Scotland kan tó ń kú lọ ní ẹ̀gbà ọrùn, ìyẹn kọ̀ ọ́. Màmá àgbà tí a jọ wò ó ní, "Ẹnu rẹ̀ dákẹ́, ojú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀."

Ṣùgbọ́n inú tún bí mi. Ọkùnrin tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù lójoojúmọ́, kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀? Irú ipa tí wọ́n ń kọ fún aláwọ̀ dúdú nígbà yẹn nìyẹn. Orlando gba kékeré náà, ó sì ṣe é débi pé òun lojú mi ń wá.

Nígbà tó di ẹni nǹkan bí 70 ọdún, ó ti padà sílé, ó sì wà nínú fíìmù Kongi's Harvest pẹ̀lú Wole Soyinka. Ní 1985 ló kú.

Èmi fẹ́ ipa tó ń sọ̀rọ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí, tí ọmọ yín bá ní ìlà kan ṣoṣo nínú eré iléèwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó.