Ẹjọ́ Wáyà Kíbọ́ọ̀dù

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tójú wa rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwa tọkọtaya, níbí yìí ní Badore, Ajah.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ la jókòó láti tẹ ìwé ètò ìsìnkú màmá àgbà kan nínú ìjọ wa. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n á sin wọ́n ní Ẹ̀pẹ́. Àfi bí kíbọ́ọ̀dù ọ́fíìsì ṣe dáṣẹ́ sílẹ̀. Tá a bá di wáyà ẹ̀ mú ká tẹ̀ ẹ́ sápá kan, á ṣiṣẹ́. Tá a bá fi sílẹ̀, ó kú. Orúkọ màmá lásán, ẹ̀ẹ̀mẹrin la tẹ̀ ẹ́ kó tó pé.

Inú bí wa. Ọmọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà la kọjú sí, níwájú àwọn akọrin tó wá ṣe ìdánrawò. A ní òun ló máa ń fa wáyà bí ẹni ń fa okùn ewúrẹ́. Ó ní, "Dádì, Mọ́mì, ẹ má bínú, mi ò fà á o." Ta ló ń gbọ́?

Ká sáré lọ Computer Village n'Íkẹjà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ nírọ̀lẹ́, ẹ bá wa dáhùn. Àwọn tó ń tà á l'Ajah náà ti ti ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ yìí ò bá wa fà á. Ó yọ kíbọ́ọ̀dù, ó kì í bọ láptọ́ọ̀pù akọrin kan. Bákan náà ló ṣe. Ó ní, kọ̀ǹpútà ò ṣẹ̀ nìyẹn. Ó wá ń fọwọ́ tọ wáyà lọ títí dé ẹ̀yìn tábìlì. Eyín èkúté! Èèpo ẹ̀pà sì kún ilẹ̀ níbẹ̀. Ta ló máa ń jẹ ẹ̀pà nídìí tábìlì yẹn? A wo ojú ara wa.

Ó gé ibi tí èkúté jẹ kúrò. Wáyà tín-ín-rín mẹ́rin ló wà nínú USB yẹn: pupa ń gbé iná wọlé, dúdú ń dá a padà, funfun àti àwọ̀ ewé ń gbé ohun tá a bá tẹ̀ lọ sínú kọ̀ǹpútà. Ó lọ́ pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, títí ó fi kan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi téèpù we ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kó tó we gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ó ní bí pupa bá fara kan dúdú pẹ́nrẹ́n, ojú ihò kọ̀ǹpútà gan-an lè bàjẹ́. (Wáyà kíbọ́ọ̀dù là ń sọ o. Ẹ má lọ dán an wò lára wáyà iná NEPA!) Kò sí òjé tí wọ́n fi ń jó o pọ̀ nílé, ó ní ti ọjọ́ díẹ̀ nìyí, ká ra tuntun.

Aago mọ́kànlá kọjá ká tó tẹ̀ ẹ́ tán. Wọ́n sin màmá, ìwé wọn pé.

Lọ́jọ́ Àìkú, a pe àwọn akọrin yẹn náà jọ, torí ojú wọn la ti bú u, a sì bẹ ọmọ náà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ti gbàgbé ẹ̀. Ẹ ṣáà bá mi gbé ẹ̀pà yẹn kúrò lọ́fíìsì."