Ìbànújẹ́ Tó Ń Gba Orí Sọ̀rọ̀

Bí ọmọdé bá kú nínú ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, àwọn àgbà kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sunkún pẹ́. Wọn á jókòó tì í, wọn á di ọwọ́ rẹ̀ mú: "Gba kámú. Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Òun àti bàbá ọmọ kì í sì í débi tí wọ́n ti ń sin ín. Kò ní pẹ́ tí ìyá á fi nu ojú nù, tí á gbé igbá, tí á gba ọjà lọ. Àwọn tó bá rí i á ní ó ti gbàgbé.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, á ní orí ń gbóná fún òun, nǹkan ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú rẹ̀, àyà òun ń já, oorun kì í kun òun lójú. Bí wọ́n bá bi í bóyá inú rẹ̀ ló bàjẹ́, á ní rárá, orí ni. Ọdẹ orí ni wọ́n ń pè é nílẹ̀ Yorùbá. Lọ́dún 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Makanjuola, tó di gíwá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lẹ́yìn náà, kọ̀wé nípa rẹ̀: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀.

J.C. Carothers, oníṣègùn ọpọlọ kan, kò rí èyí. Nínú ìwé tó kọ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ́dún 1953, ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn adúláwọ̀. Àṣìṣe ńlá ni. Ẹni tó bá ń retí kí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọkàn òun ló gbọgbẹ́ á retí títí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni oníṣègùn ọpọlọ Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gbé láàárín ará abúlé, tí ẹbí wọn sì wà pẹ̀lú wọn. Òun àti Alexander Leighton, oníṣègùn ọpọlọ bíi tirẹ̀, tún wọ àwọn abúlé lọ láti wádìí. Ìwé tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1963 fi hàn pé àmì ìrẹ̀wẹ̀sì pọ̀ níbẹ̀: ẹkún, àìsùn, kí nǹkan kan má wu èèyàn mọ́. Àwọn ará abúlé mọ gbogbo rẹ̀, àfi pé wọn ò kó o pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo.

Paul Ekman àti Wallace Friesen, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ará Amẹ́ríkà, ti sọ láti ọdún 1969 pé kò sí àwùjọ tí kò ní òfin nípa ẹni tó lè fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn àti ìgbà tó lè fi í hàn. Ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, àánú ló bí òfin "má sunkún mọ́" yìí. Àwọn àgbà fẹ́ kí ìyá náà yè, kó tún bímọ. Ṣùgbọ́n ojú nìkan ni òfin náà ká.

Iléèwòsàn Wesley Guild kò jìnnà, Iléṣà ló wà. Ẹ mú ẹni tí orí ń gbóná fún lọ síbẹ̀, kí wọ́n wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá délé, ẹ bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́dún náà, kí ẹ sì jẹ́ kó sunkún bó bá fẹ́ sunkún.