Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Fojú Ara Wọn Rí I
Ẹni tó ń yẹ sọ́fúwíà wò tó kàn ń kígbe pé "kò ṣiṣẹ́" máa pẹ́ kó tó níyì lójú àwọn tó ń kọ kóòdù. Ẹni tó lè sọ pé "ẹ tẹ ibí, kẹ́ ẹ tẹ ọ̀hún, ẹ ó rí i" ni wọ́n ń gbọ́ tiẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Therac-25, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ. Lọ́dún 1986, ó da ìtànṣán tó pọ̀ kọjá ààlà sára àwọn aláìsàn nílùú Tyler, ní Texas. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí nǹkan kan. Fritz Hager, onímọ̀ físíìsì ilé ìwòsàn ọ̀hún, àti òṣìṣẹ́ tó ń lo ẹ̀rọ náà tẹ̀ ẹ́ látẹ̀túntẹ̀ títí àṣírí fi tú: béèyàn bá yára ṣàtúnṣe ohun tó ti tẹ̀, àmì àṣìṣe "Malfunction 54" á yọ. Ìgbà tí wọ́n sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ yá tó fáwọn tó ṣe é, àwọn náà rí i.

Àwọn kan á ní àṣìṣe mìíràn wà tí kì í yọjú lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kéèyàn kọ ohun tó tẹ̀, aago tó lù àti ẹ̀dà sọ́fúwíà tó lò sílẹ̀. Ìyẹn ti kúrò ní àhesọ. Ní ti agbéraga tó ń kọ kóòdù, tí ẹ̀rí ò lè tẹ́ lọ́rùn, ọ̀gá rẹ̀ lọ̀rọ̀ ìyẹn kàn.