Ta Ló Kẹ́yìn Níbí?

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lójú ewé yìí, ìyẹn bí àwa ará Pobè àti Sakété ṣe ń tò, àti ohun tí a máa ń sọ nígbà tí a bá ń tò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé àwa kò mọ ìlà tò rárá. Bí wọ́n bá ti wo àwòrán àwọn ará Japan ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tí wọ́n dúró lẹ́yìn àmì tí a kùn sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ti ẹnikẹ́ni, wọ́n á mirí, wọ́n á ní, "Ẹ wo ènìyàn!" Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011 pàápàá, gbogbo ayé ló rí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n ṣe tò síwájú ilé ìtajà láìsí ariwo. Mo kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n pé tiwa kò rí bẹ́ẹ̀ kò túmọ̀ sí pé a kò ní ètò. Ẹnu ni ètò tiwa wà, kò sí nílẹ̀.

Ẹ lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi ní Sakété láàárọ̀ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni garawa, bídọ̀n àti abọ́ ńlá tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Àwọn tó ni wọ́n ńkọ́? Wọ́n wà lábẹ́ igi. Ọ̀kan ń di irun fún èkejì, òmíràn ti sáré padà sílé lọ koná sídìí ìkòkò. Bí ẹni tuntun bá dé, kì í kàn gbé garawa rẹ̀ sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Yóò kọ́kọ́ kí wọn pé, "Ẹ kú ìjókòó o." Wọ́n á dáhùn. Yóò wá béèrè pé, "Ta ló kẹ́yìn níbí?" Ẹnìkan á ní, "Èmi ni." "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn yín ni mo wà o." Ó parí. Láti ìgbà náà, ó lè lọ sọ́jà kó sì padà bá ipò rẹ̀.

Àwa tí a ti ka ìwé J. L. Austin tó jáde ní ọdún 1962 mọ̀ pé gbólóhùn kan wà tó jẹ́ pé sísọ rẹ̀ gan-an ni ṣíṣe rẹ̀. "Ẹ̀yìn yín ni mo wà" wà lára wọn. Kì í ṣe ìròyìn ibi tí ẹni náà dúró sí, nítorí ó lè má dúró síbì kankan. Ìkíni tó ṣáájú rẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfìfo. Malinowski ti kọ ọ́ ní ọdún 1923 pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń sọ láti fi so ara wa pọ̀, kì í ṣe nítorí ìròyìn tó wà nínú wọn. Ní ìdí ẹ̀rọ omi, ìkíni ń ṣe ju ìyẹn lọ: ó ń wá ẹlẹ́rìí fún ènìyàn. Ẹni tí kò kí wa, ta ni yóò jẹ́rìí pé ó ti dé? Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó gbé bídọ̀n sílẹ̀, tó kọjú sí fóònù rẹ̀, tí kò kí ẹnikẹ́ni. Bídọ̀n rẹ̀ wà ní ipò karùn-ún. Nígbà tí yóò fi gbójú sókè, ó ti di ìkẹrìnlá, kò sì sí ìyá kan lábẹ́ igi tó rántí pé òun rí i nígbà tó dé.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò níbẹ̀ náà yẹ ní wíwò. Faransé a máa sọ pé "c'est mon tour", bí ẹni ń sọ pé nǹkan ìní mi nìyí. Àwa a máa sọ pé "ó kàn mí". Èmi kọ́ ni olùwà gbólóhùn yìí, èmi ni àbọ̀ rẹ̀. Ohun kan ń rìn bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ó wá kàn mí, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń kan ènìyàn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni mo fẹ́ máa dúró ṣe? Yóò kàn mí níbi tí mo jókòó sí. (Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: "lẹ́sẹẹsẹ" tí a ń lò fún ohun tó tò dáadáa kò bá ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn tan. Ẹsẹ olóhùn àárín méjì ni, irú èyí tó wà nínú ewì àti nínú Ifá, tí a ṣe àpètúnpè rẹ̀.)

Ẹni tó bá fẹ́ fi èyí parí ọ̀rọ̀, kó ní gírámà ló jẹ́ kí á máa jókòó nígbà tí ará Japan ń dúró, kó rọra. Àwọn náà a máa sọ pé "junban ga mawatte kuru", ìyẹn ni pé ipò ń yí bọ̀ wá bá ènìyàn. "Junban" ni olùwà níbẹ̀. Gírámà wọn jọ tiwa níhìn-ín, síbẹ̀ wọ́n dúró. Wọ́n ní ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn, "narabu", fún kí ènìyàn tò, wọ́n sì ní orúkọ fún jíjá wọ àárín ìlà, "warikomi". Kódà, wọ́n mọ̀ bí nǹkan ṣe ń dúró dípò ènìyàn. Bí òdòdó sakura bá tan, wọ́n a máa tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ igi láàárọ̀ láti fi gba ààyè fún àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe fàájì nírọ̀lẹ́. Níbi iṣẹ́ mìíràn, ẹni tó kéré jù ni wọ́n ń rán lọ jókòó tì í. Ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ wọn, ìwé kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí èrò ń kọ orúkọ sí, lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó títí wọn á fi pè wọ́n.

Ẹni kékeré tí wọ́n rán ṣáájú yẹn mú mi rántí Táyéwò. Kẹ́hìndé ló ní kó lọ tọ́ ayé wò, ìdí nìyẹn tí ẹni tó dé kẹ́yìn fi jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Bí ìyá kan ní Pobè bá rán ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ gba ipò, tí òun fúnra rẹ̀ wá dé lẹ́yìn wákàtí kan, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ó já wọ àárín. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ ló ni ipò.

Wọ́n tún máa ń sọ pé ọjọ́ orí nìkan ni Yorùbá mọ̀, pé bí àgbà bá ti yọ, ẹni tó kọ́kọ́ dé kò jámọ́ nǹkan mọ́. Ẹ wo agbo ilé. Ìyàwó tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyáálé, bí èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tilẹ̀ jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti bí sínú ilé kí ìyàwó tó dé, "ọkọ mi" ni ìyàwó ń pè é. Ìlà gidi ni agbo ilé. Ọjọ́ tí ènìyàn gba ẹnu ọ̀nà wọlé ni nọ́ńbà rẹ̀. Lóòótọ́ la máa ń sọ pé "ẹ jẹ́ kí ìyá ṣáájú", fún arúgbó, fún aboyún, fún ẹni tó pọn ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà níwájú ló ń sọ ọ́. Bí àgbàlagbà bá ti ara rẹ̀ wọ iwájú láìbéèrè, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe máa kùn.

Ní ibùdókọ̀, ọkọ̀ ló ń tò, èrò kì í tò. Takisí tó kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ kó èrò lọ sí Àjàṣẹ́, èrò ní tiwọn ń du ìjókòó iwájú. Ti epo náà fara jọ ọ́. Tẹ́lẹ̀, ta ní ń tò fún epo, nígbà tí kpayo wà nínú ìgò létí ọ̀nà? Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, kpayo gbówó lórí, àwọn onízémidjan wá kọrí sí ilé epo. Ní èyí tí mo dé, alùpùpù ni wọ́n tò sínú oòrùn. Àwọn fúnra wọn wà níbòji.

Ibi tí ètò ẹnu yìí ti ń fọ́ ni ibi tí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kò bá wa jókòó lábẹ́ igi. Ìyá àgbà kan wá láti ìhà Issaba sí ọ́fíìsì kan, tí n kò ní dárúkọ, láti gba ìwé ìbí ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ ṣe ìdánwò CEP lọ́dún náà, kò sì ṣeé ṣe láìsí ìwé yẹn. Aago mẹ́fà kò tíì lù. Ó bá òkúta kan àti ìborùn kan nílẹ̀, ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ kan sẹ́yìn wọn, ó kí àwọn tó wà lábẹ́ igi, ó jókòó. Èmi ni mo tẹ̀ lé e. Nígbà tí aago mẹ́jọ kọjá dáadáa, ọmọkùnrin kan ṣílẹ̀kùn. Àwọn méje kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti dúró gbọn-in síwájú rẹ̀. Ó ní ẹni tó wà lórí ìdúró lòun mọ̀.

Ìyá dìde. "Ọmọ mi, èmi ni mo ṣe ìkẹta. Sálúbàtà mi nìyẹn."

"Ìyá, ẹ má bínú. Sálúbàtà kò lè gba ìwé."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kì í kúkú ṣe pé ọmọkùnrin náà ṣàfojúdi. Ó pè é ní ìyá, ó lo "ẹ" fún un, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Síbẹ̀, ẹlẹ́rìí tó lé ní mẹ́wàá ló wà lábẹ́ igi, kò bi ẹyọ kan. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n ní iṣẹ́ ti parí. Ìyá kò ní owó zémidjan tí yóò fi lọ tí yóò tún fi padà wá. Ilé ìbátan rẹ̀ kan ló sùn sí.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin kan tó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ya ojú ewé kan nínú ìwé rẹ̀, ó kọ orúkọ gbogbo wa sí i. Ìyá ni 1, èmi ni 2. Ọmọkùnrin náà gba ìwé, ó wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ. Ohun tí òkúta, ìborùn àti sálúbàtà ti sọ lánàá kò yàtọ̀ sí ohun tí ìwé náà sọ. Ìwé nìkan ni òun lè kà.

Ìyá ṣì wà nínú lọ́hùn-ún nígbà tí aboyún kan dé, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀. Lánàá, ẹnìkan ì bá ti sọ pé "ẹ jẹ́ kó ṣáájú". Lónìí, kálukú mọ nọ́ńbà tirẹ̀, kálukú dákẹ́. Mo rí i lójú wọn pé kì í ṣe ìkà. Ìwé ni wọn kò mọ bí a ṣe ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin náà ló lọ bá ọmọkùnrin ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ìwé yẹn díẹ̀." Ó wò mí, mo mi orí. Ó fi bírò há orúkọ obìnrin náà sáàárín ìyá àti èmi, ó kọ "1 bis" síwájú rẹ̀. Bí ìyá ṣe jáde, tó ń ká ìwé ìbí náà sínú ìborùn rẹ̀, ni a gbọ́ ohùn ọmọkùnrin náà: "Un bis!" Obìnrin náà wọlé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó lè dúró fún "bis" yìí lórí ìlà. "Àfikún" kò tẹ́ mi lọ́rùn, "àtúnṣe" kọ́ sì ni. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún un ní Kétou, ní Adja-Ouèrè tàbí ní ìhà kejì ẹnubodè, kó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, kó sì kọ àmì ohùn rẹ̀ pẹ̀lú.