Ìdun Ò Mọ Ilẹ̀kùn

Àwọn àgbà ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Iná aṣọ ni wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé ilé face-me-I-face-you rí ní Mushin mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìdun.

Yàrá mẹ́jọ ló wà nílé wa, mẹ́rin kojú sí mẹ́rin. Lọ́dún tí mo wà ní 200 level, gbogbo yàrá ló ní ìdun, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kejì. Ojú ń tini, torí àwọn èèyàn gbà pé ọ̀bùn ló ń ní in. Irọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ ni ìdun ń wá, kì í ṣe ìdọ̀tí. Inú àpò ìrìn-àjò àti àga àlòkù ló ń bá wọlé. Ní 2023, ariwo rẹ̀ gba ìlú Paris kan.

Kálukú wá ń ra ọ̀tápíápíá, ó ń fín in lóru. Bí a bá fín in níhìn-ín, ìdun á gba ihò ògiri sá lọ sọ́hùn-ún. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ oṣù mẹ́rin tó wà ní yàrá kejì sí tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sì ní òórùn oògùn náà ni. Ọlọ́run yọ ọ́. Dichlorvos tó máa ń wà nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀, oògùn oko ni. Ní 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń rọ sínú ìgò tí ò lórúkọ kò tán lọ́jà.

Lọ́jọ́ kejì, màámi dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ẹ̀yin ará ilé, ìdun wà ní yàrá tiwa o. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa mọ́.”

Gbogbo ilé dákẹ́. Bàbá àgbà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ fèsì: “Ìyá, èmi náà ń họra.” Ni ẹ̀rín bá sọ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kó ẹrù síta lẹ́ẹ̀kan náà. A da omi híhó sí oríkèé pákó bẹ́ẹ̀dì, a sì rẹ aṣọ àti kọ́tìn sínú omi gbígbóná. Àwa ọ̀dọ́ fi sìmẹ́ńtì dí ihò ògiri. A sá fóòmù sóòrùn, ṣùgbọ́n oòrùn nìkan kò tó, torí ìdun á sá sápá ibi tó tutù. A ní láti máa yí i, ká sì máa ṣa wọ́n lójú rírán.

Iṣẹ́ ọjọ́ kan kọ́ o. Abo ìdun kan lè yé ẹyin kan sí márùn-ún lójúmọ́, ẹyin ọ̀hún á sì pa láàárín bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ìdì nìyẹn tí a fi tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ká tó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Títi yàrá pa kí ebi lè pa wọ́n kò ràn án, torí ìdun lè gbé oṣù mélòó kan láìmu ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní họ́sítẹ̀lì, bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tótòtó lára bẹ́ẹ̀dì, ẹ sọ fún àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ìtìjú yín kò lè pa ìdun kankan.